A kì í fárí lẹ́yìn olórí: ìrìn kan ní Rye Lane

Ilé 867 ni ilé iṣẹ́ akọ́létà Berkeley Homes fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ tí ilé ìtajà Aylesham Centre wà ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó ga jù nínú wọn yóò tó alájà 20. Ṣọ́ọ̀bù ni yóò wà nísàlẹ̀, fúláàtì ni yóò wà lókè, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ńlá Morrisons tó wà níbẹ̀ báyìí yóò rí àyè tuntun, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yóò sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá mọ Peckham mọ ohun tí ilẹ̀ yìí jẹ́. Ẹnu ọ̀nà Rye Lane ni, òpópónà tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ra iṣu, ẹlùbọ́, ìrù àti irun àtáṣímẹ́ǹtì láti ọjọ́ pípẹ́. Peckham wà lára àwọn àdúgbò tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo lọ fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé káńsù Southwark ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ìjọba sì ti ń múra láti rán ẹni tí yóò tún un gbọ́. Mo ti ka ìwé àbá náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó nípọn, ó sì kún fún àwòrán tó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mú kúrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà ńlẹ̀.

Ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye ti wà láti ọdún 1865. Bí mo ṣe jáde níbẹ̀, Aylesham wà lápá òsì mi, ní ìhà àríwá, àmọ́ ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ yà sí, nítorí apá ibẹ̀ ni ọjà ti gbóná jù. Tábìlì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, abọ́ sì kún orí tábìlì: ata rodo nínú ọ̀kan, tàtàṣé nínú èkejì, tòmátì tó ti rọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀kẹta, ilá, àlùbọ́sà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú. Wọn kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n. Abọ́ kan ní iye kan, wọ́n kọ ọ́ sára páálí, wọ́n gún páálí náà mọ́ àárín ata. Bí o bá sanwó, ọlọ́jà á da gbogbo rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, bí o bá sì mọ ènì í tọrọ, á ju rodo méjì sí i. Ìsàlẹ̀ tábìlì ni iṣu Púnà wà nínú páálí tí wọ́n fi kó o wá láti Gánà, ìyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Màmá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi èékánná họ ìdí iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ń rà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ará Afganísítáànì ni alápatà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ń fi ẹ̀rọ gé egungun ewúrẹ́, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó wọ ìró àti bùbá dúró níwájú mi.

“Màmá, ṣàkì àbí àbọ̀dí?” Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn.

Màmá náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Fi pọ̀nmọ́ sí i. Má gé e wẹ́wẹ́ o.”

Ohun tí mo ń rí yìí, àwọn olùwádìí ti kà á sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2012, Suzanne Hall, tó ń ṣèwádìí ní London School of Economics, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Rye Lane láti ilé dé ilé. Wọ́n ka ṣọ́ọ̀bù 199. Àwọn tó ni wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ti pín sí wẹ́wẹ́, tí ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù sì fi igun kọ̀ọ̀kan háyà fún ẹlòmíràn.

Mo wọ ọ̀kan lára irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe wà, tábìlì rẹ̀ kò fẹ̀ ju tábìlì ìwé ọmọ iléèwé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gíláàsì kékeré kan wà tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílé, pẹ̀lú iye tí pọ́n-ùn kan ń lọ sí náírà lọ́jọ́ náà tí wọ́n fi bírò kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ń ta ọ̀rá ìpara àti ọṣẹ dúdú. Nígbà tí mo ká aṣọ ìkélé, mo bá àwọn onídìrí nínú yàrá ẹ̀yìn, àga mẹ́rin, ọmọdébìnrin kan jókòó sórí ọ̀kan pẹ̀lú ìdajì orí ní dídì, ó ti fẹ́ sùn lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí.”

“A dúpẹ́ o. Ṣé irun lẹ fẹ́ dì ni?”

Mo ní rárá, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Aylesham ni. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́lé, kò tíì rí àwòrán. Mo ṣí i fún un lórí fóònù mi. Ó nu ọwọ́ tí òróró irun wà mọ́ éépúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gba fóònù náà, ó wo àwòrán kan, ó wo èkejì. Igi ń bẹ níbẹ̀, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́, gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ń dán. Kò sọ pé ó burú, kò sọ pé ó dára. Ó dá a padà fún mi, ó sì béèrè pé: “Èló ni wọ́n máa gba àyè àga kan lọ́sẹ̀?”

N kò rí ìdáhùn fún un. Mo ka ìwé àbá náà, ìbéèrè yẹn kò sí níbẹ̀. Ìwé náà wọn ilẹ̀ ní mítà, ó wọn òjìji tí ilé yóò jù sórí ilé aládùúgbò, ó wọn afẹ́fẹ́, ó wọn iye ọkọ̀ tí yóò máa wọlé tí yóò máa jáde. Owó ọ̀sẹ̀ tí onídìrí yóò san kò sí nínú ohun tí wọ́n wọ̀n. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni Rye Lane. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta, tó mọ irun í dì, tí kò lówó ńlá, lè gba àga kan lọ́sẹ̀ yìí, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọjà bá dára, á gba àga kejì. Bí kò bá dára, kò jẹ gbèsè ọdún mẹ́wàá. Ṣọ́ọ̀bù tuntun nísàlẹ̀ ilé alájà ogún kì í rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀, wọ́n á béèrè owó ìdúró, wọ́n á béèrè onídùúró, owó ìtọ́jú ilé á tún wà lórí owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá sì gbà á, wọn kò ní jẹ́ kó pín in fún ẹni mẹ́rin.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí, mo padà sí ìhà àríwá.

Kí n tó dé Aylesham, mo gun orí ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tó wà nítòsí ibùdókọ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dókè, ọ̀dà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n fi kùn ún, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Lóòótọ́, ìtàn ilé yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Káńsù ti ní in lọ́kàn nígbà kan láti wó o, kí wọ́n fi ilé gbígbé rọ́pò rẹ̀. Àwọn aráàdúgbò kò gbà. Peckham Vision, ẹgbẹ́ tí Eileen Conn ti ń darí láti ọjọ́ pípẹ́, wà lára àwọn tó ń kọ̀wé, tó ń lọ sípàdé, tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ilé náà lè ṣe. Ilé náà ṣì dúró. Oníṣẹ́ ọnà wà nínú rẹ̀, ilé sinimá PeckhamPlex wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Lórí òrùlé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yé mi. Lọ́kàn-ánkán, ní ìhà àríwá, ilé gíga àárín Lọ́ńdọ̀nù tò lọ bẹẹrẹ, Shard yọrí láàárín wọn. Nísàlẹ̀ níbí, òrùlé Peckham kò ga. Ilé alájà méjì, alájà mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn, ilé bíríkì tó ti wà kí bàbá wa tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2011 ni káńsù kéde pé àgbègbè yìí jẹ́ àgbègbè tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìrísí rẹ̀. Aylesham fúnra rẹ̀ rèé: òrùlé gbọọrọ kan tó fẹ̀ lọ sílẹ̀, àti pápá ìgbọ́kọ̀sí tó tẹ́ ràgàjì lẹ́yìn rẹ̀, tí ọkọ̀ kò kún ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wò ó.

Kí n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ilẹ̀ yẹn ṣòfò. Ìlú tí ènìyàn ń wá ilé bí ẹni wá omi kò yẹ kó fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin àti ibùdó bọ́ọ̀sì, gbé mọ́tò sí. Ìdílé tó lé ní 15,000 ló wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró de ilé káńsù ní Southwark. N kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n má kọ́ nǹkankan. Ètò ìlú tí Southwark fọwọ́ sí ní ọdún 2022 pàápàá ti yan ilẹ̀ Aylesham sọ́tọ̀ fún ilé gbígbé àti ọjà. Ó yẹ kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ fún? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ Aylesham gan-an. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọ. Kí ó tó di Aylesham, Jones & Higgins ló gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí, ilé ìtajà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Rye Lane ní ọdún 1867, tó sì kógbá wọlé ní ọdún 1980. Ilé rẹ̀ tó ní aago lórí ṣì dúró ní ìkòríta Rye Lane àti Peckham High Street. Nítorí náà kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọjà kan yóò kú síbí kí òmíràn tó dìde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì ni inú rẹ̀, ó já sí Morrisons. Ìjókòó wà láàárín, àwọn àgbàlagbà sì jókòó síbẹ̀ láìra nǹkankan. Bàbá méjì ń sọ̀rọ̀ ìdìbò ilé, ọ̀kan di ọwọ́ ẹ̀rọ ìrìn mú. Obìnrin kan gbé àpò ìtajà mẹ́ta kalẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀. Ibi tí òjò kì í pa ènìyàn, tí wọn kì í béèrè owó ìjókòó, kò pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán àbá tuntun náà fi ìjókòó síta, lábẹ́ igi. Ó dára nínú oṣù Kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní òpópónà yìí ni kò mọ̀.

Berkeley ra ilẹ̀ náà ní ọdún 2021. Ní 2024, wọ́n gbé ìwé lọ sí káńsù láti gba àṣẹ ìkọ́lé. Òfin Southwark ni pé bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kọ́ irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé olówó pọ́ọ́kú. Nínú ìdá 35 náà, ìdá 25 gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tí owó rẹ̀ wà ní ìpele ilé káńsù, ìyẹn èyí tí onídìrí àti nọ́ọ̀sì lè san. Ìdá 35 yìí ni Berkeley kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tó ṣe, wọ́n yí i padà. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣe ju ìdá 12 lọ. Káńsù ń ka yàrá ni, kì í ṣe ilé. Tí a bá kà á ní ilé, 77 nínú 867 ni.

Ohun tí ilé iṣẹ́ náà gbé àwíjàre rẹ̀ lé ni ìṣirò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé bí akọ́létà bá lè fi ìwé ìṣirò hàn pé èrè kò ní sí níbẹ̀ bí òun bá ṣe gbogbo ohun tí ètò ìlú béèrè, wọ́n lè gbà kó ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká. Kì í ṣe irọ́ pé nǹkan ti wọ́n. Owó símẹ́ǹtì, irin àti òṣìṣẹ́ ti gòkè, èlé báǹkì ti gòkè. Lẹ́yìn iná Grenfell Tower, tó pa ènìyàn 72 ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ìjọba ti ní kí ilé gbígbé tuntun tó bá ga ju mítà 18 lọ ní àtẹ̀gùn méjì. Owó ni ìyẹn náà, owó tó sì yẹ kí wọ́n na ni, kí ẹnikẹ́ni má kùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti ra ọjà rí, ẹ ronú sí i. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní 2021 mọ ohun tí òfin béèrè lórí ilẹ̀ náà. Iye tí ó san lórí ilẹ̀, òun ló dúnàádúrà rẹ̀. Bí ó bá wá san ju bó ṣe yẹ lọ, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìdílé tó ń dúró de ilé ni yóò san ìyókù?

Inú mi dùn pé ní Southwark, irú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Láti ọdún 2016 ni káńsù náà ti ní kí wọ́n máa gbé e síta kí ará ìlú lè kà á. Ó le láti kà. Síbẹ̀, ó wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní ọmọ tó kàwé ìṣirò owó nílé lè ní kó wá là á yé òun.

Ní ọdún 2025, kí káńsù tó dá wọn lóhùn, Berkeley gba ọ̀dọ̀ ìjọba lọ. Wọ́n ní káńsù ti pẹ́ jù. Òfin fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, agbára ìpinnu kúrò lọ́wọ́ àwọn káńsílọ̀ tí ará Peckham dìbò yàn, ó bọ́ sọ́wọ́ Planning Inspectorate, àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìkọ́lé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ káńsù wá jókòó ní oṣù Keje, ohun kan ṣoṣo tó kù fún wọn láti sọ ni ohun tí wọn ì bá ti ṣe. Wọ́n sọ ọ́: wọn ì bá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ilé olówó pọ́ọ́kú inú rẹ̀ kéré jù, àti pé gíga àti títóbi ilé náà yóò ba ìrísí àgbègbè ìtàn yẹn jẹ́. Wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ìta gbangba sí ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Nígbà tí mo lọ, Aylesham Community Action, ẹgbẹ́ àwọn aráàdúgbò, ti ń kówó jọ kí wọ́n lè ní agbẹjọ́rò tiwọn níbẹ̀.

Gíga ilé kì í ṣe ohun tó ń dun èmi jù. Mo mọ̀ pé ó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹni tó ti ń rí ojú sánmà láti ojú fèrèsé rẹ̀ fún ogún ọdún ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ga tó alájà 20, tí ìdá 35 ibẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń dirun ní Peckham, èmi á ní kí wọ́n kọ́ ọ.

Kí n tó darí sílé, mo wọ bọ́ọ̀sì 12 ní Peckham High Street, mo gba Camberwell àti Walworth Road lọ sí Elephant and Castle, nítorí ibẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí tibí tó ṣẹlẹ̀. Káńsù kan náà ni. Ilé ìtajà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965. Kò lẹ́wà, ọ̀pọ̀ ló ń bú u. Àwọn ará Kòlóńbíà, Èkúádọ̀ àti Bòlífíà sọ ọ́ di ojúkò wọn, àwọn ará Áfíríkà sì pàtẹ aṣọ, báàgì àti irun yí i ká. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Wọ́n wó o. Ilé gíga ló wà lójú ilẹ̀ náà báyìí, kéréènì sì ń yí lórí wọn lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni Heygate Estate wà tẹ́lẹ̀, ilé káńsù tó lé ní 1,000. Òun náà ti lọ, ilé olówó káńsù tó wà nínú èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kéré jìnnà sí iye yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn Elephant, nítorí òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Ilé 979 ni Delancey, ilé iṣẹ́ tó ni àbá náà, fẹ́ kọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, 33 péré nínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ ilé olówó káńsù. Àwọn ọlọ́jà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kóra jọ. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà káńsù. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé jókòó wọ òru, wọn kò sì gba àbá náà bó ṣe wà. Iye ilé olówó káńsù gòkè sí 74. Nígbà tí ìgbìmọ̀ máa fi fọwọ́ sí i ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó ti di 116. Àwọn aráàdúgbò gbé e lọ sílé ẹjọ́ síbẹ̀, wọ́n pàdánù ní 2019, wọ́n tún pàdánù ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2021. Ọjà náà kú. Ṣùgbọ́n ìdílé 83 tí kò sí nínú àbá àkọ́kọ́ ni yóò rí ilé gbé, nítorí pé àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Fún àwọn ọlọ́jà, wọ́n kọ́ Castle Square lẹ́bàá ibẹ̀, ilé ìtajà ìgbà díẹ̀. Mo wọ ibẹ̀, mo ra empanada kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in lójú mi. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ló rí àyè níbẹ̀.

Àwọn àgbà ọlọ́jà wa ní Peckham kò nílò Elephant kí èyí tó yé wọn. Ẹni tó bá ti ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó, ní Yábàá, mọ ohun tí mo ń sọ. Iná jó ọjà náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, ọjà tuntun alájà mèremère dìde, wọ́n ṣí i ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì lè san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi lórí àbá Aylesham nìyí. Kí wọ́n má gbà á pẹ̀lú ìdá 12. Kí wọ́n sì má fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ètò Southwark ti ní ìlànà tó ń dáàbò bo oníṣòwò kékeré tí ìkọ́lé fẹ́ lé kúrò: akọ́létà gbọ́dọ̀ fi hàn bí òun ṣe máa bá wọn wá àyè. Ó tún ní kí ìdá 10 nínú àyè iṣẹ́ ńláńlá jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré, fún ọdún 30. Kí wọ́n kọ èyí sínú àdéhùn tí a ń pè ní Section 106, pẹ̀lú bí àyè náà ṣe máa kéré tó, àti iye tí yóò jẹ́ lọ́sẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú àdéhùn yẹn kò sí níbì kankan.

Èyí tó kàn kù sọ́wọ́ àwa. Bí ọ̀rọ̀ ìkọ́lé bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ní Southwark, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo àwọn tó lòdì sí i ní láti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn lápapọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni akọ́létà ní. Ìyẹn kéré, kò sì sí ẹni tó lè fi í sọ ohun tí Rye Lane jẹ́. Ìwé tí a ti kọ ṣáájú ọjọ́ náà ló ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìkéde tí wọ́n ń so mọ́ òpó iná, tí à ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tòun ti àpò ọjà lọ́wọ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 21 ó kéré tán ni wọ́n ń fún ará ìlú láti fèsì. Kò pọn dandan kí o jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, kò pọn dandan kí o ní ilé tìrẹ, kò sì pọn dandan kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ dán.

Mo bẹ àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn onídìrí, àwọn pásítọ̀ àti àwọn àáfà tí ilé ìjọsìn wọn wà ní àdúgbò irú èyí, ní Peckham tàbí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ ní kí ọmọ yín ka ìwé orí òpó iná náà fún yín. Ẹ má kọ ọ́ pé ilé yín yóò dínwó tàbí pé ẹ kò fẹ́ràn akọ́létà, wọn kò ní ka ìyẹn sí. Ẹ kọ iye owó ilé tí apá àwọn ènìyàn yín ká, ẹ kọ iye àga tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín àti ẹni tó ń jẹun lórí rẹ̀, ẹ kọ ibi tí àwọn àgbàlagbà yín ń jókòó sí. Kí ẹ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí i, nítorí káńsù kì í gba lẹ́tà tí kò lórúkọ.